Bí Àrá Bá Sán, Ẹ Wá Jẹun

Ọdún kẹtàlélógún rèé tí Bàbá Rọra ti ń tọ́jú ẹṣin, kò sì gun ọ̀kan rí. Bí wọ́n bá bi í léèrè ìdí rẹ̀, á ní, "Ẹni tó gun ẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀. Èmi ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí ni mo tún fẹ́ gòkè lọ wá?" Á rẹ́rìn-ín, á sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀: kó fọ pátákò, kó ya irun ọrùn, kó kó ìgbẹ́, kó pọn omi.

Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ kọ́ ni Rọra. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ló di orúkọ. Ẹṣin ta ìpá, "Rọra." Géètì gbá mọ́ ògiri, "Rọra." Ìyàwó rẹ̀ tó jẹ́ aránṣọ bá ń fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ kíkankíkan nítorí oníbàárà ti dúró sẹ́nu ọ̀nà, á ní, "Rọra, Ìyá wọn, aṣọ ò ní sá lọ." Ìyàwó á dá a lóhùn láìgbójú sókè: "Aṣọ ò ní sá lọ, aláṣọ ló máa sá." Irú ọ̀rọ̀ báyìí ni àwọn méjèèjì fi tọ́ ọmọ mẹ́ta dàgbà, Ọlọ́run sì bá wọn ṣe é, kò sí èyí tó burú nínú wọn. Àkọ́bí, ọkùnrin, ló di oníṣẹ́ iná ní ìlú kejì, níbi tó ti ń fa wáyà sínú àwọn ilé alájà mẹ́rin.

Dókítà Eyín ló ni àwọn ẹṣin. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, ọwọ́ rẹ̀ tutù lẹ́nu aláìsàn, ṣùgbọ́n ohun tí ẹṣin jẹ́ kò yé e ju pé ó rẹwà lọ. Márùn-ún ni wọ́n. Sọ́jà, tó máa ń na ọrùn bí ẹni pé wọ́n fẹ́ pe orúkọ rẹ̀. Ọ̀lẹ, tí kò nílò àlàyé. Funfun, tí erùpẹ̀ ti sọ di aláwọ̀ ilẹ̀. Lẹ́yìn náà Ìyá Ìjọ àti ọmọ rẹ̀ obìnrin, Kékeré, tí kò tíì pé ọdún kan. Dókítà ló sọ Sọ́jà lórúkọ. Bàbá Rọra ló sọ àwọn yòókù, ó sì nídìí tó fi pe abo ẹṣin dúdú yẹn ní Ìyá Ìjọ. Kì í sáré, kì í pariwo. Bó bá rí ẹṣin kan tó ń ṣe wérewère, á kàn yí ojú sí i, onítọ̀hún á sì rántí ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ. Ìyàwó Bàbá Rọra ní kò ku ohun kan fún un mọ́ ju kí wọ́n gbé àga kan fún un lọ́wọ́ iwájú.

Inú ibùso bíríkì ni wọ́n ń gbé tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ògiri rẹ̀ la, tí apá kan sì wó, Dókítà ní kò séwu, ó pe wẹ́dà. Wẹ́dà ri òpó irin mẹ́rin mọ́ inú kọnkéré ní orí pápá, níbi tí ilẹ̀ ti ga jù, torí pé ẹrẹ̀ kì í dúró níbẹ̀. Ó fi páànù bo òkè, ó fi páànù yí ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta ká, ó sì jó ibùjẹ irin gígùn kan mọ́ ọn nínú. Àtíbàbà náà ń dán lójú oòrùn débi pé àwọn tó ń kọjá lójú títì rò pé ilé ìjọsìn tuntun ni wọ́n ń kọ́. Gbogbo ènìyàn ló yìn ín, àfi àwọn tó máa gbé ibẹ̀. Òjò àkọ́kọ́ tó bá páànù yẹn wí, ariwo rẹ̀ dà bí ìgbà tí wọ́n ń da òkúta sínú agolo. Ẹṣin tú ká.

Gbogbo ọdún yẹn, bí àrá bá ti sán, ìjà dé. Sọ́jà á máa fò sókè, Funfun á máa sáré yí ọgbà ká, wáyà ọgbà sì fà á lẹ́sẹ̀ ya lẹ́ẹ̀mejì. Dókítà wo egbò náà, ó mi orí.

"Bàbá, bí wọn ò bá lè gbé ibẹ̀, ẹ jẹ́ ká tà wọ́n."

Bàbá Rọra kò jiyàn. Kì í jiyàn. Ó lọ sílé, ó bu eèrí ọkà sínú garawa onídèérí, ó bu iyọ̀ díẹ̀ sí i, ó gbé e sí ẹ̀bá ilẹ̀kùn. Láti ọjọ́ náà lọ, bí àrá bá ti kùn, bó ti wù kó jìnnà tó, ìbáà jẹ́ pé oúnjẹ wà lẹ́nu rẹ̀, á gbé garawa, á gòkè, á da eèrí sínú ibùjẹ irin yẹn, á sì dúró síbẹ̀. Kò pe ẹnikẹ́ni. Kò fa ẹnikẹ́ni. Ó kàn dúró lábẹ́ ariwo páànù bí ẹni tí ń dúró de ọkọ̀. Ní ìgbà kẹrin, Ìyá Ìjọ wọlé. Ó fi imú kan eèrí, ó gbójú sókè wo òrùlé tó ń pariwo, ó wo Bàbá Rọra bí ẹni ń sọ pé, "Ìwọ lo mọ ohun tí ò ń ṣe," ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun.

Ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré. Kí òjò ọdún kejì tó tán, gbogbo wọn ti mọ̀ pé àrá ni agogo oúnjẹ. Bó bá ti kùn lọ́nà jíjìn báyìí, wọ́n á gbé orí kúrò nínú koríko, Ìyá Ìjọ á ṣíwájú, àwọn yòókù á tò tẹ̀ lé e, wọ́n á ti wà lábẹ́ àtíbàbà kí ẹ̀kán òjò kan tó kán. Nígbà tí Kékeré dé ayé, òun kò tilẹ̀ kọ́ ọ. Ó mu ún mọ́ ọmú ni.

Dókítà kó àlejò wá wò ó. Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n fi fóònù ya fọ́tò. Bàbá Rọra dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń wo bàtà rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà àdúrà lọ́jọ́ náà, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pẹ́ débi pé ìyàwó rẹ̀ la ojú kan wò ó, bóyá oorun ló ti gbé e lọ.

Ọ̀sẹ̀ kẹta òjò ọdún yìí ni ọmọ oníṣẹ́ iná wá kí wọn. Ọjọ́ ìsinmi ni, wọ́n ti ti ilé ìjọsìn dé, ìyá rẹ̀ sì ti wo ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ tán, ó ti ní ta ló rán irú ìránkúràn báyìí. Bàbá rẹ̀ mú un lọ sí pápá. Ojú ọ̀run ṣú lọ́wọ́ ẹ̀yìn, àrá kùn lọ́hùn-ún, àwọn ẹṣin gbé orí sókè, wọ́n tò, wọ́n wọlé. Bàbá Rọra yíjú sí ọmọ rẹ̀, ó ń dúró de ìyìn.

Ọmọ kò wo ẹṣin. Òrùlé ló ń wò.

"Bàámi, ta ló ní kí wọ́n gbé irin yìí ka orí òkè?"

"Wẹ́dà ni. Ẹrẹ̀ kì í dúró níbẹ̀."

"Ẹ wo gbogbo pápá yìí. Ṣé ẹ rí nǹkan kan tó ga jù ú lọ?"

Bàbá Rọra wò yí ká. Koríko, wáyà ọgbà, títì, koríko. "Mi ò rí i o."

"Mànàmáná náà ò ní rí i."

Ó wá jókòó ti bàbá rẹ̀ lórí òkúta kan nísàlẹ̀, ó mú ẹ̀ka igi, ó ń ya àwòrán sílẹ̀. Ó ní bí mànàmáná bá bọ́ lu irin yẹn, kì í tán síbẹ̀; ó máa gba òpó wọ inú ilẹ̀, á sì máa rìn nínú ilẹ̀ tútù náà lọ sí ìhà gbogbo. "Èmi àti ẹ̀yin, ẹsẹ̀ wa sún mọ́ra, a tilẹ̀ lè so ó pọ̀ ká lóṣòó. Ẹṣin ńkọ́? Ẹsẹ̀ iwájú wà níhìn-ín, tẹ̀yìn wà lọ́hùn-ún. Iná á gba tiwájú gòkè, á gba àyà kọjá, á gba tẹ̀yìn sọ̀ kalẹ̀. Ó máa ń pa wọ́n kí wọ́n tó mọ̀ pé nǹkan ṣe wọ́n."

"Páànù náà ló wá burú?"

"Páànù ò ṣe nǹkan kan. Ká gbé irin gíga kan dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ká fa wáyà bàbà tó nípọn láti orí rẹ̀ wálẹ̀, ká so òpó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ra, ká sì ri ìdí wáyà náà mọ́lẹ̀ jìnnà síbi tí ẹṣin ń tẹ̀. Iná á rọ́nà gbà lọ. Bó ṣe wà yìí, Bàámi, ẹṣin yín ni ọ̀nà."

Bàbá Rọra wo òkè. Lókè lọ́hùn-ún, Ìyá Ìjọ ń fi imú gbá ibùjẹ, ó ń wá eèrí.

"Ṣé ohun tí ò ń sọ ni pé ẹnu ikú ni mo fi ọdún mẹ́ta kọ́ wọn láti máa sáré wọ̀?"

"Ẹ rọra, Bàámi," ni ọmọ rẹ̀ wí. Nǹkan míì wo ni ìbá tún wí?

Wọ́n pe Dókítà lórí fóònù. Ó wà nílẹ̀ òkèèrè níbi ìpàdé àwọn oníṣègùn eyín, ohùn rẹ̀ sì ń lọ ó ń bọ̀.

"Bàbá, ọdún mélòó ni àtíbàbà yẹn ti wà níbẹ̀?"

"Ọdún mẹ́ta, sà."

"Ṣé àrá ti pa ẹyọ kan rí?"

"Rárá, sà. Ọmọ mi tó jẹ́ oníṣẹ́ iná ló..."

"Eyín tí kò tíì dunni, Bàbá, a kì í yọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí n dé ná. Ìparí oṣù."

Ìyàwó Bàbá Rọra tó ti ń gbọ́ láti ìdí ẹ̀rọ rẹ̀ já òwú lẹ́nu abẹ́rẹ́. "Òun náà ló kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri ilé ìwòsàn rẹ̀ pé kí èèyàn má dúró dìgbà tó bá dunni."

Ọmọ ní kí wọ́n má wulẹ̀ da ara wọn láàmú. Òun máa wá wáyà náà rà fúnra òun. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ òun kò ní jẹ́ kí òun dé ṣáájú Sátidé tó tẹ̀ lé èyí tó ń bọ̀. "Kó tó dìgbà yẹn, Bàámi, ẹ ṣáà má jẹ́ kí wọ́n wọ ibẹ̀ bí àrá bá ń sán." Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé kí ọmọdé má ṣeré nínú iyẹ̀pẹ̀, ó wọ ọkọ̀, ó lọ.

Kò sí ibùso mìíràn nítòsí. Ti bíríkì àtijọ́ ti di ilé aláǹgbá. Òpó àtíbàbà wà nínú kọnkéré, ẹni kan kò lè hú u. Ọ̀rọ̀ wá kù sáàárín Bàbá Rọra àti ẹ̀kọ́ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ wọn.

Ó kọ́kọ́ ní òun ò ní gbé eèrí lọ mọ́. Àrá sán lọ́jọ́ Ajé, wọ́n wọlé, wọ́n dúró ti ibùjẹ òfìfo, wọ́n ń lá irin. Gbogbo wọn wá yíjú sí ìsàlẹ̀, wọ́n ń wo ilé rẹ̀. Bí èèyàn bá fẹ́ mọ bí gbèsè àánú ṣe ń rí, kí ẹṣin márùn-ún fi ojú wò ó nínú òjò. Lọ́jọ́ kejì ó na okùn di ẹnu àtíbàbà. Wọ́n gòkè bákan náà, nígbà tí wọn ò sì ráyè wọlé, wọ́n fi ìhà ti páànù láti ìta, wọ́n fara mọ́ ọn pẹ́kípẹ́kí. Nígbà tó sọ ọ́ fún ọmọ rẹ̀ lórí fóònù, ọmọ pariwo: "Ẹ tú okùn yẹn, Bàámi! Ìyẹn burú ju kí wọ́n wà nínú rẹ̀ lọ!" Ó tú u. Adìyẹ bà lókùn: ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ.

Ìyàwó rẹ̀ ló mú ìmọ̀ràn wá. "Ṣebí oúnjẹ lẹ fi mú wọn gòkè? Ẹ fi oúnjẹ mú wọn sọ̀ kalẹ̀." Nísàlẹ̀ pápá, ilẹ̀ rẹlẹ̀ díẹ̀ bí àwo, ó jìnnà sí wáyà ọgbà, kò sì sí igi kankan níbẹ̀. Ọmọ ní ibẹ̀ kò dára tán, ṣùgbọ́n ó sàn ju orí òkè lọ fíìfíì. Bàbá Rọra to abọ́ márùn-ún síbẹ̀. Bí àrá bá kùn, ìsàlẹ̀ ló ń da eèrí sí. Ọ̀lẹ ló kọ́kọ́ yí padà, nítorí pé ìsàlẹ̀ sún mọ́ ọn ju òkè lọ. Funfun tẹ̀ lé e lọ́jọ́ kejì. Sọ́jà àti Kékeré ń wo Ìyá Ìjọ. Ìyá Ìjọ ní tirẹ̀ kò yẹ ẹsẹ̀. Ohun tí wọ́n bá ti kọ́ òun, òun ti kọ́ ọ nìyẹn. Á gòkè, á wọlé, á dúró níbi tó ti ń dúró láti ọdún mẹ́ta wá, àwọn méjì á sì tẹ̀ lé e.

"Ẹ so ó," ni ọmọ rẹ̀ wí lórí fóònù. "Ọjọ́ díẹ̀ ló kù. Bí ẹ bá ti so ìyá, àwọn tó kù á dúró."

"Mi ò so ó rí láyé rẹ̀."

"Bàámi, ẹ so ó."

Ìyàwó rẹ̀ gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. "Á so ó," ló wí, ó pa á.

Lọ́jọ́rú ọ̀sẹ̀ kejì, Bàbá Rọra kan èèkàn mọ́lẹ̀ ní ìsàlẹ̀ pápá. Ó kàn án jìn, ó fi ẹsẹ̀ tì í, ó fi ọwọ́ mì í, kò mì. Ó rò ó dáadáa. Ó rò ó débi gbogbo, àfi ibì kan.

Ọjọ́bọ̀ ló ṣẹlẹ̀; Sátidé ku ọ̀túnla. Láti àárọ̀ ni ooru ti mú, tí ìyàwó rẹ̀ fi ní ẹ̀rọ òun pàápàá ń làágùn. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́ta ọ̀sán, ojú ọ̀run lẹ́yìn òkè ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Bàbá Rọra mú Ìyá Ìjọ sọ̀ kalẹ̀, àwọn tó kù sì tẹ̀ lé wọn. Ó so okùn rẹ̀ mọ́ èèkàn, ó bu eèrí sínú abọ́ márààrún, ó dúró.

Àrá kùn. Orí márùn-ún gòkè lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyá Ìjọ wo orí òkè, ó gbé ẹsẹ̀ mẹ́ta, okùn dá a dúró. Ó wo okùn. Ó wo Bàbá Rọra. Àwọn mẹ́rin yòókù ń wo Ìyá Ìjọ. Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Nígbà tó ṣe, ó tẹ orí, ó ń jẹun, ni àwọn yòókù náà bá ń jẹun. Omi bo ojú Bàbá Rọra, ó sì jẹ́ kó rí bíi pé òjò ni.

Ṣùgbọ́n ẹṣin kì í fi oúnjẹ pamọ́ de ọ̀la. Àrá kò tíì súnmọ́ ìdajì ọ̀nà tí abọ́ fi ṣófo. Ó mọ̀ pé bí ẹnu wọn bá dilẹ̀ tí àrá sì ń sán, ọkàn wọn á padà sókè. Ó sáré lọ sílé, òun tí kì í sáré. Ìyàwó rẹ̀ ti dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú garawa kejì, ó ti bu iyọ̀ sí i.

"Ẹ ti rin gbingbin! Ẹ má dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn o. Ọmọ yín ní kí ẹ má dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn."

"Mo gbọ́."

Kò gbọ́. Ó ti dé ẹnu géètì.

Ohun tó kọ́kọ́ rí ni okùn tó nà gbalaja sílẹ̀ nínú koríko.

Àwọn olùtọ́jú ẹṣin ní bí wọ́n ṣe ń so ẹran wọn. Wọn kì í ta okùn ní kókó gidi. Ojóbó ni wọ́n fi ń dè é, tí èèyàn bá fa etí okùn lẹ́ẹ̀kan péré, á tú fàà. Nítorí ẹṣin tí ẹ̀rù bá bà tí okùn sì dì í mú lè ṣẹ́ ara rẹ̀ lọ́rùn. Ọdún kẹtàlélógún tí Bàbá Rọra ti ń so irú ìdì bẹ́ẹ̀ mọ́ ẹnu géètì nígbà tó bá ń fọ pátákò, kò sì mọ òmíràn. Orí rẹ̀ mọ̀ pé ọjọ́ yìí kì í ṣe ọjọ́ ojóbó. Ọwọ́ rẹ̀ ni kò mọ̀. Ìyá Ìjọ náà, tí ìdì yẹn ti wà níwájú ojú rẹ̀ láti ìgbà tó ti wà lọ́mọdé, ti jẹun tán, ó wá nǹkan ṣe, ó fi eyín mú etí okùn, ó fà á.

Ó ti dé ààrin òkè. Kò sáré. Ó ń lọ bí àgbà obìnrin tó gbọ́ agogo ilé ìjọsìn, tó sì mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò ní jókòó sórí àga òun.

Àwọn mẹ́rin ti gbé orí sókè. Kékeré ti gbé ìṣísẹ̀ márùn-ún tẹ̀ lé ìyá rẹ̀. Bàbá Rọra dúró sáàárín pẹ̀lú garawa. Bó bá sáré tẹ̀ lé Ìyá Ìjọ, garawa á bá a lọ, àwọn mẹ́rin á sì tẹ̀ lé garawa. Bó bá ju garawa sílẹ̀, wọ́n á tẹ̀ lé ìyá wọn. Ibi yòówù kó fi ẹsẹ̀ sí, ẹ̀mí kan wà lábẹ́ rẹ̀. Ó dúró síbẹ̀, ó ń mi garawa.

Ó pariwo. "Ìyá Ìjọ!" Nínú ọdún mẹ́tàlélógún, ẹṣin kankan kò gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí. Sọ́jà fò sẹ́yìn. Ìyá Ìjọ dúró, ó yí ọrùn, ó wò ó láti òkè. Ojú yẹn ni Bàbá Rọra kò lè gbàgbé. Kò sí ìbẹ̀rù nínú rẹ̀. Bí ẹni ń sọ pé, "Kí ló dé tí ò ń pariwo? Mo mọ ọ̀nà." Ó yíjú padà, ó wọlé.

Kékeré yán. Bàbá Rọra da gbogbo eèrí sínú abọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, kó lè dún, ó sì dún. Ọmọ ẹṣin náà wo òkè, ó wo abọ́. Ó sọ̀ kalẹ̀ wá.

Gbogbo ayé wá funfun.

Ìró náà kò dà bí àrá. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n fi òòlù lu ilẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Àwọn mẹ́rin sáré lọ síkangun ọgbà, wọ́n padà, wọ́n tún sáré. Bàbá Rọra wà lórí eékún nínú omi. Ó ń gbàdúrà, ṣùgbọ́n kò rí ọ̀rọ̀ kankan fi sínú rẹ̀.

Nígbà tí òjò dá, ó gòkè. Kò sí egbò lára Ìyá Ìjọ. Ó fi ìhà lélẹ̀ níwájú ibùjẹ, ojú rẹ̀ là díẹ̀, bí àgbà tí oorun gbé lọ láàárín ìwàásù. Ibùjẹ ṣófo. Ìsàlẹ̀ ni gbogbo eèrí wà. Ó wá jẹun, kò sì bá oúnjẹ.

Ó jókòó tì í, ó ń fi ọwọ́ ya irun ọrùn rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ dé pẹ̀lú aṣọ fífẹ̀ kan, ó fi bo orí ẹran náà.

"Aṣọ ta nìyẹn?"

"Ti oníbàárà ni."

"Ìyá wọn, aláṣọ ńkọ́?"

"Ẹ jẹ́ kó sá lọ," ló wí, ó jókòó sínú ẹrẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Dókítà pè nírọ̀lẹ́. Bàbá Rọra ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un. "Bàbá," ni Dókítà wí, "ẹ sọ fún ọmọ yín kó wá ṣe wáyà yẹn."

"Ó ń bọ̀ ní Sátidé, sà."

"Ṣé kò lè yá ju bẹ́ẹ̀ lọ?"

Bàbá Rọra mú fóònù kúrò létí, ó wò ó, ó dá a padà sétí. "Rárá, sà," ló wí.

Sátidé pé, ọmọ dé pẹ̀lú irin gíga àti wáyà bàbà tó nípọn bí ìka ọwọ́. Ó ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ dìrọ̀lẹ́. Ó gbẹ́ ilẹ̀ yí àtíbàbà ká, ó so òpó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ra, ó fi páìpù bo ibi tí wáyà ti sọ̀ kalẹ̀ kí ẹṣin má baà fara kàn án, ó sì ri irin mọ́lẹ̀ lọ́hùn-ún réré. Bàbá rẹ̀ ń gbé irinṣẹ́ fún un. Nígbà tí wọ́n sinmi mu omi, ọmọ bèèrè jẹ́jẹ́, "Bàámi, irú ìdì wo lẹ so?"

Bàbá Rọra mú okùn kan nílẹ̀, ó so ó mọ́ òpó láti fi hàn án. Ọwọ́ rẹ̀ ṣe é kíá, láìwò. Ó fa etí rẹ̀, ó tú. Ọmọ wo okùn náà nílẹ̀. Ó mú okùn, ó ká a, ó gbé e sínú ọkọ̀ rẹ̀.

"Ó ti dáa báyìí?" ni bàbá rẹ̀ bi í nígbà tó fẹ́ máa lọ.

"Ó ti dáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ púpọ̀. Ẹ má tún jẹ́ kí wọ́n dúró sísàlẹ̀ mọ́, omi máa ń kún ibẹ̀. Inú àtíbàbà ló dáa jù fún wọn báyìí. Ṣùgbọ́n Bàámi, kò sí oníṣẹ́ iná tó bá mànàmáná kọ ìwé àdéhùn o."

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àrá kùn lẹ́yìn òkè. Bàbá Rọra gbé garawa, ó gòkè, ó da eèrí oníyọ̀ sínú ibùjẹ irin, ó sì dúró lábẹ́ páànù bó ṣe dúró ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Òjò dé. Nísàlẹ̀, àwọn ẹṣin mẹ́rin dúró láàárín abọ́ òfìfo, omi ti ń kún dé ọrùn ẹsẹ̀ wọn. Wọ́n ń wò ó. Ọ̀lẹ kò tilẹ̀ gbé orí sókè. Kékeré nìkan ló rìn wá dé ìdajì ọ̀nà, ó dúró nínú òjò, etí rẹ̀ nà síwájú.

Bàbá Rọra kò pè é. Ó mi garawa díẹ̀. Ó ní, "Rọra, rọra," ṣùgbọ́n páànù ń pariwo, kò sì dá a lójú pé ọmọ ẹṣin náà gbọ́.

Àrá tún sán. Kékeré kò wá, kò sì padà.